Ẹ́ńjìnì Tí Kì í Pariwo

Ẹni tí kò gbé ẹ̀bá odò rí máa ń rò pé ìjì ni ọ̀tá apẹja. Ìjì kọ́. Ìjì á jà, á rọlẹ̀, apẹja á tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, á padà sórí omi. Ohun tó lé ọkọ mi kúrò lórí omi, koríko ni. Ewéko kan tó ń léfòó ni, ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ó sì lẹ́wà débi pé nígbà tó kọ́kọ́ dé, àwa obìnrin ń já a fún àwọn ọmọ kí wọ́n fi ṣeré. A ò mọ̀ pé àlejò tó máa gba ilé lọ́wọ́ onílé là ń kí káàbọ̀.

Ìjẹ̀gùn là ń gbé, lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ lọ sí odò. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba nígbà náà. Ìjẹ̀gùn ìgbà yẹn kì í ṣe ti ìsinsìnyí. Oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ló pọ̀, ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí eyín ọmọdé, ẹni tó bá sì fẹ́ ra ohun gidi á rọ́jú dé Ìkòtún. Ọkọ mi ń pẹja, èmi ń yan án. Bí ayé wa ṣe rí nìyẹn. Ó máa ń jáde ní ìdájí, tí oòrùn bá ti ń mú ni màá gbúròó rẹ̀ létí omi, màá sì ti dáná sílẹ̀ lábẹ́ asẹ́. Bó bá kó èpìyà dé, màá yan èpìyà. Bó bá kó ọ̀bọ̀kún dé, àwọn ará ọjà Ìkòtún á ti gbóòórùn rẹ̀ kí n tó sọ igbá kalẹ̀.

Koríko yìí wá bo ojú omi pátápátá. Odò ẹ̀yìn ilé wa dà bí pápá tí ewúrẹ́ lè jẹko lórí rẹ̀. Ẹja kó lọ síbi tí omi ti mọ́, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí odò ti ń ya sínú ọ̀sà. Ẹni tó bá máa fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ dé ibẹ̀, kó dẹ àwọ̀n, kó tún tu ọkọ̀ gòkè padà, apá onítọ̀hún gbọ́dọ̀ le. Apá ọkọ mi ò sì le mọ́. Àwọ̀n kan tó há sára igi lábẹ́ omi ló ń fà tí ejìká rẹ̀ ọ̀tún fi yẹ̀. Wọ́n tò ó, wọ́n fi òróró wọ́ ọ, ó jọ pé ó san. Ṣùgbọ́n bó bá ti wa ọkọ̀ lọ díẹ̀, ojú rẹ̀ á le. Á kàn gbé àjẹ̀ sí apá kejì, ọkọ̀ á sì máa pòòyì lójú kan.

Àárín ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé Akowonjo wá bá wa. Ó ní ọ̀gá kan ládùúgbò àwọn, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ géètì.

Ó ní, "Jíjókòó ni iṣẹ́ náà. O ò ní gbé ẹrù kankan. Bí mọ́tò bá fọn, o ṣí i. Bó bá wọlé tán, o tì í. Wọ́n á fún ẹ ní yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, o ó sì máa wá sílé lọ́jọ́ Sunday."

Ọkọ mi ní, "Bí mo bá jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kí ni màá máa wò?"

"Géètì ni o ó máa wò. Àbí kí ni wọ́n tún ń wò níbi géètì?"

"Géètì kì í ṣàn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjú sí mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, bá mi bá ọkọ ẹ sọ̀rọ̀ jàre."

Mi ò bá ọkọ mi sọ ọ́, torí mo mọ ohun tó ń já a láyà. Nínú ìdílé wọn, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé òkú apẹja kọjá odò kí wọ́n tó sin ín. Ẹni tó bá ti fi omi sílẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e, orí ilẹ̀ ni wọ́n ń gbé tirẹ̀ gbà, bí ẹni pé ìdì igi ni wọ́n ń gbé. Kò sẹ́ni tó ń bú onítọ̀hún. Wọ́n kàn ń yí ọ̀nà rẹ̀ padà ni.

Ọkọ mi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó fún òun láyè díẹ̀. Ó ní, "Bí mo bá ní ẹ́ńjìnì tó ń gbé mi dé ọ̀sà, ẹ wá ẹlòmíràn fún ọ̀gá yẹn. Bí ò bá rí bẹ́ẹ̀, màá wá jókòó ti géètì." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí. Ó mọ̀ pé àbúrò òun kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ì báà burú fún un.

Ẹ́ńjìnì tó ń wí, èyí tí wọ́n ń kọ́ sí ìdí ọkọ̀ ni, tó ní orí lókè, ọ̀pá nísàlẹ̀, àti abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí nínú omi lẹ́sẹ̀ ọ̀pá náà. Tuntun rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ wa. Tòkunbọ̀ là ń wá, èyí tí òyìnbó ti lò títí tó fi sú u. Wọ́n ní ọkùnrin kan ń tà á lẹ́yìn ọjà Ìkòtún. A lọ, èmi àti ọkọ mi, a sì mú mẹkáníìkì kan dání láti Ìgándò, ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta ṣe, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ọgbà ọlọ́jà náà kún fún ohun tí ojú ò rí rí: fíríìjì tí ò nílẹ̀kùn, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, àwo ìwẹ̀ funfun gbàǹgbà tí ẹyẹlé ń mu omi nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnì méjì ló kéré tó fún ọkọ̀ wa. Ọ̀kan ti ṣí láwọ̀, ìdérí rẹ̀ là, wọ́n fi wáyà dì í bí ẹni tí eyín ń dùn. Èkejì mọ́ tónítóní, àwọ̀ búlúù, bí ẹni pé wọ́n lọ̀ ọ́ bí aṣọ kí wọ́n tó gbé e wá.

Ọlọ́jà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀. Ìyá mi, ẹ káàbọ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Òyìnbó tó ni búlúù yìí, ìgbafẹ́ ló ń fi í ṣe. Kò pẹja rí láyé ẹ̀."

Mẹkáníìkì ní, "Ìwọ náà wà nínú ọkọ̀ nígbà tó ń gbafẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ yín bóyá ọlọ́pàá ni."

"Ká ní ọlọ́pàá ni mí, àwo ìwẹ̀ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa bi ẹ́ léèrè."

Dúrọ́ọ̀mù kan wà láàárín ọgbà, omi kún inú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyẹn: wọ́n á gbé ẹ́ńjìnì kọ́ etí dúrọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nínú omi, wọ́n á fa okùn. Èyí tó là lórí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó wá bú. Omi ta sí wa lára. Dúrọ́ọ̀mù ń gbọ̀n. Àwọn ẹyẹlé fò lọ, ẹni tó ń kọjá níta yọjú wò wá. Ariwo náà dà bí ìgbà tí òkúta bọ́ sínú ẹ̀rọ ìlọta. Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ ihò kékeré kan lára rẹ̀, omi ń tú jáde níbẹ̀ tààrà bí ọmọkùnrin tó ń tọ̀. Ó ní, "Ó ń tọ̀ dáadáa. Ẹ́ńjìnì tó bá ń tọ̀ báyìí, inú ẹ̀ ń tutù."

Wọ́n gbé búlúù. Wọ́n fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Òun náà ń tọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀! Bí ológbò tó yó ló rí. Èèyàn lè jókòó tì í kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọkọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, bí ẹni pé ó ń wò ó bóyá ara rẹ̀ gbóná, mo sì rí i tí ejìká rẹ̀ méjèèjì rọ̀ wálẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má bàa rò pé òmùgọ̀ ni wá. Àwa ará ìdí odò, a kì í sọ̀rọ̀ lórí omi. Bí ọkọ mi bá ń fẹ́ igbá tí wọ́n fi ń gbọ́n omi, ṣe ló máa fi ìka gbá ara ọkọ̀, ẹni tó bá wà níwájú á sì mọ̀. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kò sẹ́ni tó ń gbé e wọ ọkọ̀ títí tí ara rẹ̀ á fi yá. Ìyá ọkọ mi máa ń pa á nítàn fún àwọn ọmọ pé apẹja kan wà láyé àtijọ́ tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó ń sọ bí òun ṣe máa se ẹja òun, pé ata rodo báyìí, àlùbọ́sà báyìí, epo kó dúró lókè. Ẹja tẹ́tí títí. Àgbà inú wọn ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ ti àlùbọ́sà, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ata rodo yẹn ò bá mi lára mu." Ni wọ́n bá kó lọ. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọkọ mi nìyẹn, ìyẹn ni wọ́n sì fi tọ́ bàbá rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń lọ sórí omi, bó bá dákẹ́, ó dára. Bó bá ń pariwo, àbùkù ni.

Mẹkáníìkì ò ti ìdí odò wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ń pariwo yìí ni kẹ́ ẹ mú. Orí ẹ̀ tó là ló ń pariwo, inú ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Búlúù yìí dákẹ́ jù fún ọjọ́ orí ẹ̀. Arúgbó tí ò bá kérora rárá tó bá ń dìde, mo máa ń fura sí i."

Ọkọ mi ní, "Ẹja létí."

"Ẹ máa pa ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ tó dẹ àwọ̀n, àbí?"

"Ẹja tó ti gbọ́ mi lókèèrè ti mọ̀ pé mò ń bọ̀."

"Kó mọ̀ ná. Ṣé ẹ fẹ́ lọ yọ sí i bí àlejò òjijì ni?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá bojú wò mí. "Ìyá wọn, kí lo rí sí i?"

Mo ní, "Bàbá wọn, èyí tó dákẹ́ ni."

Ta ni ìbá sọ ohun mìíràn nínú wa? Mẹkáníìkì fi àkísà nu ọwọ́, ó ní ẹni tó ni orí ló ni fìlà. A gbé búlúù sínú ọmọlanke, a forí lé ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Ọ̀nà náà ò dára, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá sì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ṣé Lọ́ńdọ̀nù lẹ̀ ń lọ? Ẹ já mi sí Ìsọlọ̀ bẹ́ ẹ bá ń kọjá o." Ọkọ mi juwọ́ sí i. Ó ní kó lọ kó ẹrù ẹ̀ wá.

Ó kan pákó líle mọ́ ìdí ọkọ̀, ó gbé ẹ́ńjìnì kọ́ ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ká má parọ́, ó gbé e. Ó ń fi àdá la ojú ọ̀nà tóóró kan láàárín koríko, á gba ibẹ̀ jáde sí gbangba omi, á sì dé ọ̀sà. Ó ń kó ọ̀bọ̀kún wálé tí ìrù rẹ̀ ń yọ lẹ́nu agbọ̀n. Mo dáná sábẹ́ asẹ́ tí mo ti fẹ́ wó. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé inú mi dùn tán. Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, mo máa ń rí nǹkan dúdú kan tó ń yọ́ jáde lẹ́sẹ̀ ẹ́ńjìnì náà, tó ki, tó ń fà bí ọbẹ̀ ilá àná. Mo fi han ọkọ mi. Ó fi ewé nù ún kúrò. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀.

A ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì. Ó fi ìka kó o, ó pa ìka pọ̀, ó yà á. Kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ó ní, "Gírísì ni. Inú ẹsẹ̀ yìí, eyín irin wà níbẹ̀ tó ń fi agbára orí lé abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Òróró tó ń ṣàn ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ti ki gírísì líle bò ó, torí eyín náà ti jẹ tán, kò fẹ́ kó máa ké. Ìdí tó fi dákẹ́ nìyẹn."

Ọkọ mi ní, "Ṣé a ò lè pa eyín dà?"

"Irú rẹ̀ ò sí nílẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wá a fún ẹlòmíràn rí. Ẹ máa rọra lò ó ṣá. Ẹ má jẹ́ kí koríko wé e lẹ́sẹ̀."

Ọkọ mi wo odò. Láti ẹsẹ̀ wa títí dé ibi tí ojú rí i dé, koríko ni. Ó ní, "Ọ̀nà wo lo fẹ́ kí n gbà?"

A padà sí Ìkòtún. Ọlọ́jà náà búra pé bó ṣe dé látòkè òkun lòun ṣe tà á, òun ò tú inú rẹ̀ rí. Ó lè jẹ́ òótọ́, mi ò mọ̀ títí dòní. A béèrè ẹ́ńjìnì tó ń pariwo. Ó ní ẹnì kan láti Badagry ti gbé e lọ, kò tilẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tí a lọ tán. Ẹyẹlé ṣì ń mu omi nínú àwo ìwẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí bá ọkọ mi lọ, kí n lè máa fi àdá gé koríko níwájú. Ọ̀sán ọjọ́ kan, a ń padà bọ̀ láti ọ̀sà, omi ń ṣàn bọ̀ wá pàdé wa. Gbòǹgbò koríko wé abẹ̀bẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnì wúwo fún ìgbà díẹ̀, nǹkan kan dún lábẹ́ omi bí ìgbà téèyàn bá gé egungun jẹ, ohùn náà sì tún já geere. Mo rò pé a ti bọ́. Àfìgbà tí mo wo igi kan létí odò tí mo rí i pé a kò kọjá rẹ̀. Igi náà ló ń kọjá wa. Ọkọ̀ ń fà sẹ́yìn.

Ọkọ mi gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì sókè, ó gé gbogbo gbòǹgbò kúrò. Ó fi ìka kan ti abẹ̀bẹ̀ náà, ó yí, ó yí, kò sí eyín irin kankan tó dì í mú mọ́. Ó gbé e padà sínú omi. Ẹ́ńjìnì ń kọrin jẹ́jẹ́ bí ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú dúrọ́ọ̀mù, omi ń gbé wa lọ sẹ́yìn. Ó jókòó, ó ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló pa á.

Mo mú àjẹ̀ kan, ó mú èkejì. A wà á. Èmi ò mọ ọkọ̀ wà, òun ò lápá. Bí a bá sún síwájú díẹ̀, odò á gbà á padà lọ́wọ́ wa. Ibi tí koríko ti ki jù la dé tó sọ̀rọ̀, ọkùnrin tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí omi rí látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Kò rọra sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ọjà.

"Ìyá wọn, bí ilẹ̀ bá mọ́, ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Ó lọ sí Akowonjo. Wọ́n fún un ní yàrá, wọ́n rán aṣọ ọlọ́dẹ fún un, ọ̀gá rẹ̀ kì í bú u. Èmi ń lọ ra ẹja inú yìnyín ní Ìkòtún láàárọ̀, mò ń yan án, àwọn oníbàárà mi ń rà á, wọn ò sì béèrè nǹkan kan. Ẹ́ńjìnì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á, kò tilẹ̀ sẹ́ni tó bi wá pé èló ni.

Ọkọ̀ náà wà létí odò títí àwọn kan fi ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa tí wọ́n fẹ́ kọ́lé. Bíríkìlà wọn wá bá mi pé àwọn ò ní ohun tí àwọn lè rọ omi kọnkéré sí, ṣé àwọn lè lo ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ yẹn. Mo ní kó jẹ́ kí n bi ẹni tó ni ín. Nígbà tí ọkọ mi wálé lọ́jọ́ Sunday, mo bi í. Ó ní kí wọ́n lò ó.

Sunday tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó dé. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà kúrò létí odò, wọ́n gbé e jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, omi kún un dé ẹnu, sìmẹ́ńtì sì ti funfun sí i lára. Bíríkìlà rí i, ó kí i, ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ yín ń jò níwájú o. Omi wa ń ṣòfò."

Ọkọ mi sọ báàgì rẹ̀ kalẹ̀. Ó yí i ká, ó wo ibi tó ń kán. Ó ní kí n mú ọṣẹ àti àkísà wá. Ó gún wọn pọ̀ títí wọ́n fi rọ̀, ó ká apá aṣọ ọlọ́dẹ náà sókè, ó ki ọwọ́ òsì bọ inú omi dé ìgbọ̀nwọ́, ó wá ibi tó là, ó sì dí i láti inú. Omi dẹ́kun kíkán. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Bíríkìlà dúró, ó gbé garawa lọ́wọ́, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, ó ti dí o. Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ bu omi."

Ó yọ ọwọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọlé.